Igi Kan Ṣoṣo Ni Mo Fẹ́ Fi Gbẹ́ Àgbélébùú Fada

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ jókòó tì mí díẹ̀ kí ẹ tó lọ tọrọ fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni. Èmi ni Ìdòwú, ọmọ Ìsólò-Òpin. Ìwé mẹ́ta ni mo kà, mi ò sì parí ìkẹta. Síbẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù ti kúnlẹ̀ níwájú ohun tí mo fi ọwọ́ mi gbẹ́. Ọba ti jókòó lórí àga tí mo gbẹ́. Ọ̀gá kan láti yunifásítì wá bá mi nílé, ó ń bi mí ní ìbéèrè, ó ń kọ ìdáhùn mi sílẹ̀, èmi tí mi ò parí ìwé mẹ́ta. Tí mo bá ní mo mọ iṣẹ́ ọnà, kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu. Mò ń sọ ohun tó wà nílẹ̀ ni.

Mi ò tíì darúgbó. Irun mi ṣì dúdú, ìyàwó mi sì lè jẹ́rìí sí ìyókù. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Dókítà ní kí n má gbé àáké mọ́, mo sì ti gbé e fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ráyè jókòó sọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Ọdún tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà ni bàbá mi mú mi lọ sí Òsì, sọ́dọ̀ Bàbá Ògúndélé. Mo ti lé lógún ọdún nígbà náà. Mo ti ṣe oko, mo ti ru búlọ́ọ̀kù, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára. Bàbá mi gbé obì àti ọtí kalẹ̀, àwọn àgbà sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo di ọmọ iṣẹ́.

Bàbá Ògúndélé kúrú, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé o ní láti dá iṣẹ́ dúró kí o tó lè gbọ́ ọ. Ọdún kan gbáko ni mo fi pọ́n ọ̀bẹ, tí mo fi ń ru igi. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbà mí láyè kí n máa dán ojú ère tí ẹlòmíì ti gbẹ́. Iṣẹ́ wa ní ìpele mẹ́rin: a ó kọ́kọ́ fi àáké lé ọnà náà, kí ibi tí orí máa wà àti ibi tí ẹsẹ̀ máa wà hàn, a ó tún un lé, kí imú àti etí yọ, a ó dán an, lẹ́yìn náà ni a ó wá fi ọ̀bẹ fín ilà àti irun sí i. Baba nìkan ló ń lé ọnà nílé wa. Ó ní ẹni tí kò bá lé e dáadáa, kò sí bó ṣe lè fín in tó máa dára.

Kò fi ẹnu rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni dára rí. Tí o bá ṣe é dáadáa, á kàn gbé igi mìíràn fún ọ. Tí kò bá dára, á ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kó wá mú igi ìdáná. Ère àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n dá parí lẹ́yìn tí Baba ti lé e, ìyá tó pọn ọmọ, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò lórí rẹ̀. Òun ni wọ́n fi se iṣu ọjọ́ náà, wọ́n gún un, mo sì bá wọn jẹ níbẹ̀. Kí n má purọ́, iyán yẹn dùn.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa wa. Ère Ẹpa ló gbé orúkọ àwọn agbẹ́nà agbègbè Òpin wa jáde. Ìkòkò onígi ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, orí èèyàn ló ń wọ inú rẹ̀ nígbà ọdún. Lókè ìkòkò náà ni jagunjagun máa jókòó sí lórí ẹṣin, àwọn ọmọ ogun á yí i ká, ìyàwó, ajá, adìyẹ, gbogbo ilé. Ó wúwo débi pé géńdé méjì ló ń gbé e lé ẹni tó máa gbé e jó lórí. Inú ìtì igi kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ sì ti ń jáde. A kì í lẹ apá mọ́ èjìká, a kì í kan ìrù mọ́ ẹṣin. Ọmọ iṣẹ́ kan wà tó ṣáájú mi, etí ẹṣin já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó bá fi ìṣó kékeré kan kàn án padà, ó fi ẹ̀lú kùn ún. Baba fi àtàǹpàkò kan ibẹ̀, ó ní, “Di ẹrù rẹ.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn náà ni. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún pe ọmọkùnrin yẹn ní agbẹ́nà ní gbogbo Òpin.

Ọdún bíi kẹta tí mo dé ibẹ̀ ni Fada Lúùkù dé. Ọmọ Kánádà ni, ọ̀kan nínú àwọn fada tí wọ́n ń pè ní Jésùítì. Kó tó wá sọ́dọ̀ wa, ó ti lo ọdún púpọ̀ láàárín àwọn Ojíbúwè. Àwọn ló ni ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún kí òyìnbó tó dé, etí adágún kan ni wọ́n ń gbé, tó fẹ̀ débi pé o kò lè rí òdìkejì rẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ máa bá Fada sọ tí kò ní mẹ́nu ba àwọn Ojíbúwè. Tí òjò bá rọ̀, á ní òjò dídì ni tiwọn. Tí ìyàwó Baba bá gbé ẹja fún un, á sọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹja tiwọn. Àwọn obìnrin Òsì sọ ọ́ ní Fada Ojíbúwè, ó sì ń dáhùn.

Baba kì í ṣe onígbàgbọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Fada á jókòó sórí ìtì igi láti àárọ̀, á máa wo ọwọ́ wa. Ó ní òun ti rí ibi tí wọ́n ti kó iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbà dànù, òun kò fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbí. Ó ní kí a máa gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún ṣọ́ọ̀ṣì òun lọ́nà tí a gbà ń gbẹ́ tiwa. Ó fún wa ní ṣísẹ́ẹ̀lì òyìnbó tí wọ́n ká sínú awọ. Baba wò wọ́n, ó ní irin àwọn ọmọdé ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀kan di àwátì. Abẹ́ ẹní Baba ni ìyàwó rẹ̀ ti rí i nígbà tó ń gbálẹ̀.

“Mò ń yẹ̀ ẹ́ wò ni,” Baba sọ.

“Ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò débi pé ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ kú,” ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Nígbà tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun sí Òkè-Òpin, Fada wá bẹ Baba pé òun fẹ́ Jésù lórí àgbélébùú, kó ga tó èèyàn gidi. Orúnkún Baba ń dùn ún lásìkò náà. Ó nawọ́ sí mi. “Eléyìí á ṣe é. Tó bá dé ibi tó le, kó wá bi mí.”

Orí mi wú. Èmi nìyẹn, Baba fún mi ní iṣẹ́ láti lé fúnra mi, kì í ṣe láti dán. Mo ti pinnu pé kò ní sí ibi tó máa le.

Fada ní kí n gbẹ́ ara lọ́tọ̀, kí n gbẹ́ apá méjèèjì lọ́tọ̀, kí n wá so wọ́n pọ̀.

“Fada, ẹ má bínú,” mo sọ, “níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, a kì í so apá mọ́ èèyàn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní gbogbo ayé.”

“Òpin kò sí lára gbogbo ayé, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, ó ní kí n máa ṣe é bó ṣe wù mí.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí wá igi tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti na apá rẹ̀ jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rin igbó nínú òjò. Oko bàbá àgbà kan lẹ́yìn Odò-Ọwá ni mo ti rí i: ìrókò tí kò tíì dàgbà jù, ẹ̀ka méjì yọ lára rẹ̀ ní ọ̀gangan kan náà, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, bí ẹni tó fẹ́ gba ẹrù lórí èèyàn. Mo yí i po títí.

“Ọmọkùnrin,” bàbá náà sọ lẹ́yìn mi, “igi wo lò ń wò bí ẹni ń wo ìyàwó àfẹ́sọ́nà?”

Mo ṣàlàyé. Ó ní kí n gé e, kí n ṣáà sọ fún Jésù pé oko òun ni igi náà ti wá.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì tuntun náà ni mo ti gbẹ́ ẹ, lábẹ́ páànù. Sùlé, káfíńtà kan láti Ìlọfà, ló ń kan bẹ́ǹṣì níbẹ̀. Ẹgbẹ́ mi ni, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìdérí.

“Ìdòwú, gé apá yìí kúrò, gbẹ́ ihò, ki í bọ ihò, ó parí. Kí lò ń jìyà sí?”

“Sùlé, máa ṣe bẹ́ǹṣì rẹ. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ìdí, iṣẹ́ ojú ni.”

Tí ẹ bá rí ohun tí mo gbẹ́. Ojú rẹ̀ tóbi bí ojú ère tiwa, egungun ìhà rẹ̀ ṣe é kà, ìka ọwọ́ rẹ̀ jáde tààrà láti ara ẹ̀ka. Kò sí ìsopọ̀ kankan, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. A gbé e kọ́ sára ògiri nígbà ọyẹ́, kí Bíṣọ́ọ̀bù tó ń bọ̀ wá ya ilé náà sí mímọ́ nígbà Àjíǹde lè bá a níbẹ̀. Mo ń jókòó sí iwájú ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, kí àwọn èèyàn lè rí ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Ọyẹ́ ọdún náà gbẹ, ètè gbogbo èèyàn ló là. Ní Ìsinmi kan nínú àwẹ̀ Lẹ́ńtì, Fada ń wàásù lọ́wọ́. Mo gbọ́ gbàà, bí ìgbà tí ọdẹ yìnbọn sínú ilé. Ìyá àgbà kan ti wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì kí n tó gbójú sókè. Igi náà ti ya láti ọrùn títí dé orúnkún, ọwọ́ mi lè wọ inú rẹ̀. Bí a ṣe ń wò ó, apá ọ̀tún ké, ó já ní èjìká, ó bọ́ sílẹ̀ sáàárín òdòdó pẹpẹ. Kò ba ẹnikẹ́ni. Fada yọ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi padà, ó sì parí ìwàásù rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ẹni tó ń lọ sóko níwájú ilé wa ń bi mí pé, “Ìdòwú, a gbọ́ pé Jésù yín fara pa. Ṣé ẹ ti gbé e lọ sí ọsibítù?”

Mi ò jáde fún ọjọ́ méjì. Kì í ṣe ìtìjú ṣọ́ọ̀ṣì ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Baba ni. Ọmọ tó kan etí ẹṣin lásán ti di ẹrù rẹ̀. Èmi tí mo ba odindi èèyàn jẹ́ lójú gbogbo Òkè-Òpin, kí ni Baba máa ṣe fún mi? Mo ti ń kó aṣọ sínú àpò. Mo rò pé kí n kúkú gba Kàdúná lọ kí ẹnikẹ́ni tó lé mi.

Fada bá mi nídìí àpò náà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Jẹ́ kí n sọ ti àwọn Ojíbúwè fún ọ,” ó sọ.

“Fada, ẹ jọ̀ọ́.”

“Gbọ́ eléyìí.” Ó ní ọkọ̀ ojú omi wọn kò ní ìṣó kankan nínú. Èèpo igi ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn obìnrin á fi gbòǹgbò igi rán an pọ̀ bí aṣọ, wọ́n á fi oje igi dí ojú rírán náà, ó sì ń gba adágún ńlá yẹn kọjá. “Mo dé ibẹ̀, mo wo rírán náà, mo ní kò lágbára. Ọ̀dọ́ ni mí, mo ti kàwé. Mo kó ìṣó wá, mo kàn án yíká. Ìyá tó rán an wò mí, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àárín omi ni èèpo náà ti ya lójú ìṣó. Àpótí Máàsì mi wà ní ìsàlẹ̀ adágún náà títí di òní.”

“Kí ni ìyá náà wá ṣe?”

“Ó fà mí jáde. Lẹ́yìn náà ló fún mi ní gbòǹgbò, ó ní kí n jókòó, kí n rán. Mo lo ọdún mẹ́ta kí n tó bi í nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lọ bá Baba rẹ, Ìdòwú, kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.”

Mo lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rò ó tán. Baba dìde. Ó wọ fìlà, ó ní kí n mú òun lọ. Sùlé ló fi kẹ̀kẹ́ gbé e, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún.

Baba ti ìka rẹ̀ bọ ibi tó ya. Ó gbóòórùn rẹ̀.

“O fi ọkàn igi sílẹ̀ nínú,” ó sọ. “Ìkòkò Ẹpa, ṣé a kì í gbẹ́ inú rẹ̀ jáde?”

“A máa ń gbẹ́ ẹ jáde, Baba.”

“Ibi tí igi ti ń mí nìyẹn. Odindi lo fi sílẹ̀, lábẹ́ páànù, nínú ọyẹ́. Kí lo fẹ́ kó ṣe?” Ó mú apá tó já lọ́wọ́ mi. “Kí ló dé tí o kò so ó?”

Mo rò pé ó ń dán mi wò. “Baba, ẹ ní a kì í so igi mọ́ igi.”

“Mo sọ ìdí ẹ̀?”

“Ẹ ò sọ ọ́.”

“Ùwọ bi mí?”

“Mi ò bi yín.”

“Ẹni tó ru Ẹpa máa sáré, á fò sórí òkìtì. Tí apá jagunjagun bá jẹ́ síso, tó bọ́ lẹ́nu ìfò náà, orí ọmọ ta ló máa bà? Etí ẹṣin tó ní ìṣó nínú, ojú ta ló máa wọ̀? Ìdí ẹ̀ nìyẹn. Ère tó máa jó ni.” Ó gbójú sókè sí ògiri. “Tìrẹ yìí, ibo ló ń lọ?”

Sùlé bú sẹ́rìn-ín. Baba yíjú sí i. “Ùwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń so ó?”

“Mo mọ̀ ọ́n, Baba.”

“Kọ́ wa.”

Ẹ gbà mí gbọ́, mo rí i lójú mi: Baba Ògúndélé jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ, Sùlé tó kéré sí ọmọ rẹ̀ ń fi hàn án bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ihò àti ahọ́n tó máa wọ inú rẹ̀, Baba sì ń pè é ní ọ̀gá. Sùlé ní tí Lèmọ́mù bá bi òun pé kí lòun ń ṣe lára àgbélébùú, òun á ní bẹ́ǹṣì tó dúró lóòró ni.

Mo la ara Jésù náà sí méjì, mo yọ ọkàn igi kúrò, mo gbẹ́ inú ẹ̀yìn rẹ̀ jáde bíi ti ìkòkò. Ohun tó fẹ́ ya ti ya tán, igi náà ti gbẹ. Mo so ara náà pọ̀, mo gé apá òsì tó kù, mo so apá méjèèjì padà, èèkàn igi la fi dè wọ́n, a kò lo ìṣó kankan. Baba kò fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ó ní, “Uṣẹ́ rẹ ni.” Bíṣọ́ọ̀bù dé nígbà Àjíǹde, ó kúnlẹ̀. Baba dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà rẹ̀, kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, ìgbàkígbà tí páànù bá dún, gbogbo ìjọ ló ń gbójú sókè. Títí di òní, kò tíì ya.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ wá ń wọlé láti Ìlọrin, láti Kàdúná. Mo ní ọmọ iṣẹ́ tèmi, mo sì ń sọ ìdí nǹkan fún wọn kí wọ́n tó bi mí. Irinṣẹ́ yí padà. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì dé, igi tí a fi ọjọ́ mẹ́rin gé tẹ́lẹ̀, a ti gé e tán kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná. Sáńpépà dé, àwọn ọmọ kò fẹ́ fi ọ̀bẹ dán nǹkan mọ́. Mi ò bá wọn jà. Mo ra ayùn náà, èmi ni mo kọ́kọ́ ní in ní Ìsólò. Fada padà sọ́dọ̀ àwọn Ojíbúwè rẹ̀. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́, òun àti àwọn obìnrin kan nídìí ọkọ̀ èèpo igi, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Baba kò gbé iṣẹ́ Ẹpa kankan fún mi. Ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni. Àga ọba, bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá kan Ẹpa, òun fúnra rẹ̀ ni. Mi ò bi í. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ohun tí mo gbẹ́ ti ya rí, lójú gbogbo ayé.

Ọdún tí apá rẹ̀ kò gbé àáké mọ́, ó ránṣẹ́ pè mí. Ìtì igi tútù kan wà lágbàlá, wọ́n ti bó èèpo rẹ̀.

“Ẹpa ilé mi ti jẹrà,” ó sọ. “Gbẹ́ òmíràn.”

Oṣù méjì ni mo lò. Mo ń bi í léèrè láràárọ̀: Baba, ṣé kí n gbẹ́ inú rẹ̀ jáde jù báyìí lọ? Ṣé kí ọrùn ẹṣin nípọn tó báyìí? Ó ń dáhùn, ìgbà mìíràn á ní kí n yé yọ òun lẹ́nu.

Ọjọ́ ọdún náà, pápá kún. Géńdé méjì gbé e lé ọmọ ọmọ Baba lórí. Ọmọ náà yí agbo po lẹ́ẹ̀mẹta, ó kọjú sí òkìtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Mi ò lè wò ó. Èmi tí mi ò bẹ̀rù Bíṣọ́ọ̀bù, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo di ẹsẹ̀ àga Baba mú. Mo gbọ́ tí gbogbo pápá dákẹ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì tó balẹ̀ gbì sórí òkìtì. Mo dúró de ohun tó máa ké. Kò sí ohun tó ké. Ariwo àwọn èèyàn ló wá sọ.

Àlejò kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baba bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. “Baba, ọwọ́ yín kò tíì rẹ̀ o.”

“Kì í ṣe ọwọ́ mi,” Baba sọ, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó lọ sílẹ̀ yẹn. “Agbẹ́nà kan ló gbẹ́ ẹ, ará Ìsólò.”

Ọkùnrin náà tún bi í ní nǹkan mìíràn. Mi ò gbọ́ ọ. Mo ti yíjú padà, mò ń wo ẹṣin mi lórí òkìtì.